Ẹran Tí O Dè, Gbèsè Rẹ̀ Ń Bẹ Lọ́rùn Rẹ

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Sábó Ọ̀yọ́, àtẹ̀yin Yorùbá àtẹ̀yin Haúsá, ọ̀rọ̀ àgbò orí okùn ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ adìẹ inú kéèjì, àti ti odídẹrẹ́ inú àgò. Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Adaran ni olúkúlùkù wa níwájú Ọlọ́run. A ó bi èmi nípa yín, a ó sì bi ẹ̀yin nípa ohun tí ẹ̀ ń sìn.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. Bukhari gbé e jáde, Muslim náà gbé e jáde. Àwa tí à ń ṣe wáàsí a máa sọ pé ó febi pa ológbò náà, a ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Lónìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ohun tí Ànábì Muhammad sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin yìí dè é mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò tú u sílẹ̀ kó lọ jẹ nínú ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ Ọlọ́run ti ń bọ́ ológbò náà kí obìnrin yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni gbogbo ohun tí ilẹ̀ ń fún un ti di gbèsè, gbèsè náà sì bọ́ sí obìnrin náà lọ́rùn. Ẹ wá bi mí pé kí ni ilẹ̀ ń fún ẹranko? Oúnjẹ nìkan ni bí? Ilẹ̀ ń fún un ní òjìji nígbà oòrùn, ó ń fún un ní ibi gbígbẹ láti dùbúlẹ̀, ó ń fún un ní àyè láti sá, ní ẹgbẹ́ tí yóò máa bá rìn, àti iṣẹ́ tí ojú, ẹsẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá so ó ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wá da oúnjẹ sílẹ̀ fún un ní àárọ̀, tó rò pé òun ti san gbèsè, ìdajì rẹ̀ pàápàá ni kò tíì san.

Ẹ̀sìn wa kò sọ pé dídè ẹran jẹ́ haráàmù. Ọmọ kékeré kan wà ní Mẹ̀dínà, Abu Umayr, tó ní ẹyẹ kan tó ń bá ṣeré. Ànábì mọ̀ nípa ẹyẹ náà, ó sì bá ọmọ náà kẹ́dùn nígbà tó kú. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un jáde pé ènìyàn lè sin ẹyẹ, bó bá ń fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ sì ti la ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ kedere. Izz al-Din ibn Abd al-Salam, adájọ́ ńlá tó kú ní Kairo ní 1262, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tó ni ẹran gbọ́dọ̀ máa náwó lé e lórí, kódà bó ti darúgbó tàbí tó ń ṣàìsàn tí kò wúlò mọ́. Kó má di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e. Kó má so ó mọ́ ẹran mìíràn tó lè ṣe é léṣe. Kó tún ibùsùn rẹ̀ ṣe. Kó má sì pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní 1965, tí wọ́n ní ó kéré tán kí ẹran lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí padà, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì lè na ẹsẹ̀, ohun tí àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn ti ń sọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún méje ni wọ́n bá pàdé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìta wa. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, àwọn àgbò òkè ọya á dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á ti dúró gírígírí lórí ara wọn láti ọ̀nà jíjìn, òmíràn á ti fẹsẹ̀ ṣẹ́ kó tó dé ọjà ẹran ní Kárà. Àwa náà á rà á, a ó fà á délé, a ó so ó mọ́ òpó iná tàbí mọ́ géètì pẹ̀lú okùn tí kò gùn ju apá lọ. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òjìji wà níbẹ̀, àánú sì wà lójú ẹni tó so ó. Ní aago méjì ọ̀sán òjìji ti lọ sí òdìkejì, okùn kò sì jẹ́ kí ẹran tẹ̀ lé e. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń sá fún ni ẹran onírun yìí dúró sí. Ó ti ta abọ́ omi dànù láti ìyálẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Àgùntàn kì í dá gbé. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru, ẹ sì ń sọ pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè. Ẹran tí a fẹ́ fi súnmọ́ Ọlọ́run ni, ẹ̀yin olùgbàgbọ́! Báwo la ṣe fẹ́ kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gba ọjọ́ kan tí a fi dá a dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bísímílà, nígbà tó rí ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi jẹ ẹ́ níyà?

Èyí tó tún burú jù ni ìjà àgbò. Àwọn ọ̀dọ́ wa á kó àgbò méjì jọ, wọ́n á máa kan ara wọn lórí, àwọn àgbà á pagbo, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, àwọn kan á ta tẹ́tẹ́ lé e. Ibn Abbas gbà á wá pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa tì ẹran kan lu èkejì. Mo wí i fún yín gbangba: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní àdúgbò yìí.

Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, mo mọ̀ pé owó oúnjẹ adìẹ ti gun òkè, mo sì mọ̀ pé kéèjì máa ń gba adìẹ púpọ̀ sí àyè kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo adìẹ ilé kan fún wákàtí kan péré. Á máa fẹsẹ̀ tan ilẹ̀, á máa yíra nínú erùpẹ̀ kí kòkòrò lè kúrò lára rẹ̀, á wá kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn láti yé sí, bí ilẹ̀ bá ṣú á fò sórí igi láti wọ̀. Èyí tó wà nínú kéèjì kò lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú òfin àtijọ́ ti Yúróòpù pàápàá, àyè tó tọ́ sí adìẹ kan kò tó ewé ìwé ìkọ̀wé kan tí a tẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fòfin de irú kéèjì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 2012. Ẹni tí kò bá tíì lágbára láti kúrò níbẹ̀, kó dín iye adìẹ inú rẹ̀ kù, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa. Ẹni tó ń sìn wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó máa pààrọ̀ ìyẹ̀ igi tó bá ti tutù, kó gbé ọ̀pá tí wọn yóò máa wọ̀ lé sí i, kó so ìdì tẹ̀tẹ̀ rọ̀ kí wọ́n máa fò sà á jẹ. Ìyẹn kò wọ́n, ó sì ń dín bí wọ́n ṣe ń ṣá ara wọn jẹ kù.

Ti ewúrẹ́ àti àgbò kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ibi tí o so ó sí. Jẹ́ kí okùn gùn, kí ibi tó so mọ́ má sì jẹ́ ohun tí yóò lọ́ mọ́. Gbé abọ́ omi sínú táyà àtijọ́ kó má baà dànù. So ewé àgúnmáníyè sókè kó lè dìde fẹsẹ̀ méjì já a, kó níṣẹ́ ṣe. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè pa á, sá a gbẹ kí o tó fún un. Ewúrẹ́ fẹ́ràn láti máa gun òkè, dojú odó àtijọ́ kan dé fún un. Bí o bá sì lè ra méjì, tàbí kí ìwọ àti aládùúgbò rẹ kó ẹran yín síbi kan náà, ìdánìkanwà ti tán.

Àwọn ẹran igbó ńkọ́? Odídẹrẹ́ tó dá wà nínú àgò a máa tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ á fi gbófo. Ìnàkí a máa mì síwá mì sẹ́yìn. Kìnnìún a máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan láti òwúrọ̀. Ẹ̀yin tó ń mú ọmọ yín lọ wo ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ òkò sí ohun tí kò ríbi sá sí. Ní oṣù Èrèlé 2024, kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́sàn-án ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ẹ̀mí méjì ló lọ. Ilé ẹran tó dára, ààbò ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ́ irú rẹ̀, kó fi ọmọ ọ̀bọ sílẹ̀ nínú igbó, kó má so ó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Òfin ìjọba lórí ìwà ọ̀daràn, abala 495, sọ pé oṣù 6 lẹ́wọ̀n tàbí 50 náírà ni ti ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko. Kì í ṣe ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Súrà Al-An'ām, ẹsẹ̀ 38, ti fi yé wa pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹranko, ọ̀dọ̀ Olúwa wọn ni a ó sì kó wọn jọ sí. Ràkúnmí kan rí Ànábì nínú ọgbà ará Mẹ̀dínà kan, ó sunkún. Ànábì fọwọ́ pa á lẹ́yìn etí, ó wá bi olówó rẹ̀ bóyá kò bẹ̀rù Ọlọ́run lórí ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí ẹran náà ti fẹjọ́ sùn pé ebi àti làálàá ń pa òun. Bí ti ayé bá rí báyìí, kí ni ẹran tiyín yóò wí lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, nígbà tí kò ní sí okùn lọ́rùn rẹ̀ mọ́? Ẹ má sì sọ̀rètí nù, nítorí ọ̀nà àánú ṣí sílẹ̀ gbayawu: ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, Ọlọ́run sì forí jì í. Láádá ń bẹ nínú gbogbo ohun tó ní ẹ̀dọ̀ tútù.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí àgbò àkọ́kọ́ bá ti sọ̀ ní Kárà títí Iléyá yóò fi kọjá, a ó máa ṣí ẹ̀rọ omi mọ́sálásí sílẹ̀ láti àsùbá dé ìrun alẹ́, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ń ta ẹran àti ẹni tó bá rà á. Kí àwọn ọmọ iléékéwú máa gbé garawa yíká lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn le jù. Ẹni tó bá ní tapólì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí kò lò, kó gbé e wá bá Ládánì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kí a lè fi ta àtíbàbà sí ibi tí wọ́n ń so ẹran mọ́.