Àmáánà Ni Ara: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìyá Tó Kàwé, Tó sì Ń Ṣiṣẹ́

  

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí ilé kéwú wa túká ní Ara níbí, ìyá kan wá mú ọmọ rẹ̀. Àwa àti òun la jọ kéwú ní kékeré. Ó tẹ̀ síwájú, ó kàwé gboyè, ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Òṣogbo báyìí. Bí ó ti wọlé ni àwọn ìyá yòókù ń kí i: “Ara yín mà ti gbowó o! Ẹ̀ ń jayé!” Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró mí. Ó sọ fún wa (ó sì gbà kí a sọ ọ́ láìdárúkọ òun) pé wọ́n ti sọ fún òun ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, kí òun dín ìwọ̀n ara òun kù. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún.

Bàbá kan tó jókòó nítòsí gbọ́. Ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i? Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló fà á. Ìwé àkàjù ni. Ká ní ó jókòó sílé ni!” Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé kálàmù sí wa lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé àjókòójù ló ń bá obìnrin yìí jà, báwo ni jíjókòó sílé yóò ṣe di oògùn rẹ̀?

Kí a má purọ́, bàbá náà rí nǹkan kan. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2008, nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49, 22 ni ìwọ̀n ara wọn ti kọjá ààlà. Ní 2013, ó di 25. Ní 2018, ó di 28. Ó sì pọ̀ láàrin àwọn ará ìgboro ju ará oko lọ, láàrin olówó ju tálákà lọ, àti láàrin àwọn tó kàwé ju àwọn tí kò kà rárá lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, àwọn obìnrin tó kàwé jù ni kì í sábà sanra jù. Bó bá jẹ́ ìwé ló ń kó ọ̀rá síni lára, ṣé ìwé tiwọn yàtọ̀ ni?

Ohun tó ń bá ìwé àti iṣẹ́ wọlé lọ́dọ̀ wa ni kí a wò. Ìyá tó bí obìnrin yìí ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ó ń gúnyán, ó ń ru ẹrù láti oko bọ̀ wá sọ́jà. Ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà ilé, ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, ó ń jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin. Búrẹ́dì àti mínírà ló ń jẹ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn Ìṣáì ni òkèlè ń délẹ̀, òkèlè ńlá, gbogbo ilé a jẹ ẹ́, wọ́n a sì sùn lé e lórí. Àwọn ọmọ ti fi bisikíìtì pa ebi kí ìyá wọn tó dé. Owó wọlé, àkókò jáde. Oúnjẹ àgbẹ̀ la ṣì ń jẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a kò ṣe mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà àti rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, àwa ará àdúgbò sì ń kí i kú oríire!

Ta ni yóò wá fi ẹ̀sìn lé obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Oníṣòwò ni Nana Khadijat. Shifau ọmọ Abdullahi ló kọ́ Nana Hafsat ní ìwé kíkọ. Nana Zainab ọmọ Jahshi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ awọ, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe sàráà.

Hàdíìsì kan wà nínú ìwé Abu Dawud tí a fẹ́ràn púpọ̀. Nana Aishat ròyìn pé òun àti Ànábì (S.A.W.) jọ sáré ìje nígbà tí àwọn wà lẹ́nu ìrìn-àjò, òun sì ṣíwájú. Nígbà tó yá, tí òun ti lẹ́ran lára, àwọn tún sáré, Ànábì ló ṣíwájú, ó sì fi ìyẹn bá a ṣàwàdà pé òun ti gbẹ̀san. Ẹ kíyè sí i: kò fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní kó lọ jókòó. Wọ́n jọ sáré ni.

Ọlọ́hun kìlọ̀ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu fún wa ní Suratul-A‘raf, ẹsẹ 31. Ìwé Tirmidhi náà gba ẹ̀gbàwá pé a ó bi ẹrú léèrè ara rẹ̀, ohun tó lò ó gbó sí.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ìwé Bukhari sọ fún wa pé Ànábì (S.A.W.) máa ń ṣiṣẹ́ fún ará ilé rẹ̀ títí ìrun yóò fi tó. Nígbà tí ọkọ àti aya bá jọ ti ibi iṣẹ́ dé ní Mọ̀gàríbì, èéṣe tí ọ̀kan fi ń lọ sí ìdí iná, tí èkejì ń lọ sí ìdí rédíò? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìyàwó ì bá fi rìn kí ara rẹ̀ yá, àwo tí ẹ kò fọ̀ ló gbé e lọ. Àwa tí a ń kọ èyí gan-an, ọbẹ̀ ilá kò tíì mọ́ wa lọ́wọ́. A ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà dé ìdí ìkòkò: kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀, kí omi rọ́pò mínírà. Ẹ má sì fi ẹni tó sanra ṣẹ̀sín, ìran ẹlòmíràn ni, Suratul-Hujurat sì ti ka yẹ̀yẹ́ léèwọ̀.

Ìyá ọmọ wa yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní Alámìísì tó kọjá, a pàdé rẹ̀ ní ìyànà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ. A bi í pé ta ló wà nídìí iná. Ó ní ọkọ òun ló ń ro àmàlà. Ó ṣì ń ní kókó, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń jẹ ẹ́.