ÌWÀ: HÍHÙ NI A Ń HÙ Ú



Ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ÌWÀ. Ojoojúmọ́ ni a ń pè é. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, a ó ní, "Ọmọ yìí níwà." Bí àgbà bá ń bú ìyàwó rẹ̀ lójú ọjà, a ó ní, "Ìwà yìí kò yẹ ẹ́." Láti inú "wà" ni "ìwà" ti jáde. Ohun tí ènìyàn jẹ́ gan-an ni, kì í ṣe ohun tí ó ṣe lẹ́ẹ̀kan kí ayé lè rí i.

Ẹ tún gbọ́ o. A kì í sọ pé ènìyàn wọ ìwà. A ní ó HU ìwà. Bí àgbàdo ṣe ń hù lóko Kétu, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ta ló gbin ẹ̀wà rí tí àgbàdo hù fún un? Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nìyí ní Galatia 6:7. Ní orí 5 ìwé náà, ó ka ìwà tútù mọ́ èso ti Ẹ̀mí. Èso ni, kì í ṣe aṣọ.

Èyí kan àwa aláṣọ funfun. A ń fọ sùtánà, a ń lọ̀ ọ́, a sì ń bọ́ bàtà kí a tó wọ ilé Olúwa. Ó dára. Bí a bá jáde ń kọ́? Deuteronomi 25:13–15 kọ òṣùwọ̀n méjì, ńlá àti kékeré. Ìwọ tí o ń fi ńlá ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí o ń fi kékeré tà á, ṣé sùtánà yóò bo ìyẹn?

Aládùúgbò wa kò mọ orin wa. Bí a ṣe ń jágbe mọ́ ìyàwó àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn lóru, ṣé ilẹ̀kùn wa ni yóò kàn fún àdúrà, àbí yóò kọjá lọ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ro oko ọkàn wa. Ẹni tí ó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀, kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ ná, kí ó tó wá tan àbẹ́là. Matteu 5:23–24 ni kí ẹ kà.

Kí Olúwa gbin irúgbìn rere sí wa lọ́kàn, kí ó sì hù. Àmín.