Ta Ló Tú Ọrùn-Ọwọ́ Mi?

Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí. Nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, ìgbà kan wà tí a óò máa pariwo pé kó ti ọmọ. Ìgbà kan sì wà, nígbà tí orí ọmọ bá fẹ́ yọ, tí a óò ní kó má tì í mọ́, kó kàn máa mí hẹ́ẹ̀, hẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì yìí ló máa ń le fún wọn jù.

Mo fẹ̀yìn tì, dókítà ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní dípò kí n máa rìn kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù, kí n wá bá òun ní pápá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀lù náà kì í wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ. Síbẹ̀, gbogbo èyí tí mo bá nà ló ń yà sápá ọ̀tún wọ igbó.

Kádì tó ń gbé àpò mi ní, "Mọ́mì, ọrùn-ọwọ́ yín ò tú. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀."

Mo bá fi ipá yí ọwọ́. Bọ́ọ̀lù gba òsì lọ.

"Ìyẹn kọ́, Mọ́mì. Ẹ ti ṣe é. Mi ò ní kí ẹ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Bí mi ò bá ní ṣe é, ta ni yóò ṣe é? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, jọ̀wọ́ ni ìwàásù lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀: jọ̀wọ́ owó rẹ, jọ̀wọ́ ara rẹ fún Ọlọ́run. Mo ti kúnlẹ̀, mo fún ojú pọ̀, mo di ìkúùkù. Ẹni tó di ìkúùkù, kí ló jọ̀wọ́?

Kádì ní kí n ro bí mo ṣe ń da omi ìfọṣọ nù. Ìbàdí á yí, apá á tẹ̀lé e, abọ́ á dẹ̀rọ̀, omi á fò. Abọ́ kì í bá omi lọ. Ẹni tó bá kánjú tú ọwọ́ láti òkè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa da omi sí. (Mo ti da púpọ̀ sí tèmi.)

Ernest Jones, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó pàdánù ẹsẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, a máa so ọ̀bẹ kékeré mọ́ aṣọ ìnujú láti fi kọ́ni ní gọ́ọ̀fù: tì í, aṣọ á wọ́, fì í, á nà tààrà. Ní 1968, Alastair Cochran àti John Stobbs ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé: apá àti ọ̀pá gọ́ọ̀fù dà bí igi méjì tí a so kọ́ra. Bí ti òkè bá yí dáadáa, ti ìsàlẹ̀ á ya jáde fúnra rẹ̀. Orí ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kì í fara kanra tó ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lára, bọ́ọ̀lù ti lọ.

Mo wá rántí àwọn obìnrin tí mo jágbe mọ́ pé, "Ẹ má tì í mọ́!" Mo máa ń bínú sí wọn. Ẹni tó ti ń ti ọmọ láti òru mọ́jú, kí ni yóò fi dáwọ́ dúró? Àwọn tó rí i ṣe ni àwọn tí a ti kọ́ ní mímí láti oṣù keje. Kì í ṣe ariwo mi ló tú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ bẹ pásítọ̀ wa: ẹ yéé pàṣẹ jọ̀wọ́ fún wa, ẹ kọ́ wa ní ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀.

Lánàá, nínú bọ́ọ̀lù 20 tí mo nà, 3 ló lọ tààrà. Mi ò mọ ìgbà tí ọrùn-ọwọ́ mi tú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.