Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Òwe yìí kò sọ pé orí kò fọ́. Ó gbà pé ó ń fọ́, ó sì gbà pé ẹni tí wọ́n bá bẹ́ lórí kò ní í mọ ẹ̀fọ́rí mọ́. Ohun tí àwọn àgbà kọ̀ ni pé ká pe ìyẹn ní ìwòsàn. Oògùn ni ohun tó mú àìsàn lọ tó sì fi aláìsàn sílẹ̀ láàyè. Èyí tó bá kó àtàìsàn àtaláìsàn lọ, ikú ni.

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn Mọ́mọ́nì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òṣèlú ń fà láàrin dídúró nínú ìjọ wọn àti kíkúrò níbẹ̀. Ìjọ náà máa ń sọ pé òun kì í gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, òótọ́ sì ni pé Harry Reid ti ẹgbẹ́ Democrat àti Mitt Romney ti ẹgbẹ́ Republican jọ jẹ́ ọmọ ìjọ. Síbẹ̀, lọ́dún 2008, àwọn olórí ní kí àwọn ọmọ ìjọ ní California fi owó àti àkókò wọn ti Proposition 8 lẹ́yìn, òfin tó ní ìgbéyàwó kò sí bí kò ṣe láàrin ọkùnrin àti obìnrin. Orí fọ́ àwọn tí ọkàn wọn kò gbà á. Lọ́dún 2021, nígbà tí àwọn olórí ìjọ ní kí àwọn ọmọ ìjọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, orí fọ́ àwọn mìíràn, nítorí òṣèlú tiwọn kò fẹ́ abẹ́rẹ́.

Ta wá ni idà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ kúrò la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ìjọ náà ní idà. Lọ́dún 1979, wọ́n yọ Sonia Johnson kúrò nínú ìjọ, ẹni tó ń polongo àtúnṣe tí yóò kọ ẹ̀tọ́ ọgbọọgba fún obìnrin sínú òfin Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2014, wọ́n yọ Kate Kelly, tó ní kí wọ́n fún obìnrin ní oyè àlùfáà. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì, ìbéèrè wọn ṣì wà nílẹ̀.

Oògùn gidi máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó wà. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ yìí kì í fi ọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ joyè àlùfáà. Ní ilẹ̀ Ìgbò, Anthony Obinna ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ìjọ ní Salt Lake City láti ọdún púpọ̀ ṣáájú. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 náà ni wọ́n tó rì í bọmi. Lavina Fielding Anderson, tó kọ̀wé nípa bí àwọn olórí ṣe ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé inú ìjọ wí, ni wọ́n yọ lọ́dún 1993. Síbẹ̀, òun náà dúró: kò yé lọ sí ìsìn títí ó fi kú lọ́dún 2023.

Àmọ́ kí la ń pè ní orí? Lọ́dún 2015, ìjọ ṣe ìlànà pé ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí méjì tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin kò gbọdọ̀ ṣèrìbọmi nígbà èwe. Wọ́n fagi lé e lọ́dún 2019. Òbí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an lè jẹ́ orí bíbẹ́ fún un. Bó bá jáde, òwe yìí kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ àti wòlíì tó ń darí ìjọ kàn tako ara wọn ni kó rò ó dáadáa. Mọ́mọ́nì gbà pé tẹ́ńpìlì ń so tọkọtaya àti ọmọ pọ̀ títí ayérayé; ìbò ọdún mẹ́rin mẹ́rin kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ já irú ìdè bẹ́ẹ̀.

Àwọn olórí ni mo kọ́kọ́ fi òwe yìí bá wí. Aláìsàn tó bẹ́ orí ara rẹ̀, ìrora ló tì í. Oníṣègùn tó bẹ́ orí aláìsàn kò ní àwíjàre, nítorí òun ló ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun.