Asọ̀rọ̀mágbèsì Inú Etí Wa

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí ẹnìkan bá bi yín léèrè níbi iṣẹ́ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní Sudan, tàbí kí ló fa ìjà tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, níbo lẹ ti rí àlàyé yẹn? Tèmi ò ní kọ́lọ́fín. Etí ni mo fi rí i. Mo ki íápíìsì bọ etí láàárọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹnìkan tí mi ò rí rí bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti ní èrò lórí ọ̀rọ̀ tí mi ò ronú kàn lálẹ́ àná.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún, ṣé ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà? Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ohun tó gbọ́ ṣe?

Irú ètò tí mò ń sọ yìí ò tíì pẹ́ láyé. Pọ́díkáàsì ti wà tipẹ́ ná, Serial sì ti fi hàn lọ́dún 2014 pé èèyàn lè máa retí ìtàn kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2017 ni The New York Times bẹ̀rẹ̀ The Daily, tí Michael Barbaro jẹ́ olóòtú rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù ló ń jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́. Olóòtú á pe akọ̀ròyìn kan nílé iṣẹ́ wọn, á máa bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan: báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ló wá ṣẹlẹ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Akọ̀ròyìn á máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn orin á máa dún lábẹ́lẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, olóòtú á wá fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ka àwọn nǹkan mìíràn tó ní ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2018, Vox ti ní Today, Explained, The Guardian náà sì ti ní Today in Focus ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Ẹ tún wo orúkọ ti Vox yẹn dáadáa o: wọ́n ní àwọn ti ṣàlàyé òní. Òní tí ilẹ̀ rẹ̀ ò tíì ṣú!

Mi ò bú wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó tún fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, níbo ló ti fẹ́ rí àyè ka ìwé ìròyìn tinú tẹ̀yìn? Àti pé iṣẹ́ àlàyé yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwa náà. Nílé, àìmọye bàbá àti ìyá tí kò ka gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ pé ètò àárọ̀ orí rédíò, níbi tí wọ́n ti ń tú ìwé ìròyìn sí Yorùbá, ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ìjọba ń ṣe. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ka àkọlé, á tú u, á fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, á tún ju ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Ká má purọ́, àwọn mìíràn nínú wọn dùn ún gbọ́ ju Barbaro lọ.

Ṣùgbọ́n èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ sọ lórí èyí kí rédíò tó dé. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn méjì tó kọ́ni ní filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1986 tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Àwọn oníṣègùn ni wọ́n lọ bá jókòó, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí Yorùbá ń pè ní mímọ̀ àti ohun tó ń pè ní ìgbàgbọ́. Èsì tí wọ́n rí gbà yàtọ̀ sí ti ilé ìwé òyìnbó. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun ló mọ̀. Èyí tó kù, tí ẹlòmíì sọ fún un, ìgbàgbọ́ ni, ì báà jẹ́ olùkọ́ ló sọ ọ́, ì báà wà nínú ìwé tó nípọn bí igi ìrókò. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: o gbà, o sì gbọ́. Ó lè di mímọ̀ lọ́jọ́ tó o bá dán an wò tó o sì fojú ara rẹ rí i. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọwọ́ ẹlòmíì lo ti yá a.

Òdiwọ̀n yìí mà le o. Bí a bá gbé e lé orí wa, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan mọ̀ lóòótọ́ lè má kún ìgbá. Ìgbàgbọ́ kì í sì í ṣe èébú. Mi ò dé Khartoum rí, àmọ́ mo gbà pé ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, mi ò sì ní kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò ó kí n tó gbà. Ohun tí àwọn oníṣègùn yẹn ń béèrè lọ́wọ́ wa, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ni kí á mọ èyí tó jẹ́ tiwa yàtọ̀ sí èyí tá a yá.

Ibẹ̀ gan-an ni ètò etí yìí ti ń bà mí lẹ́rù. Tó o bá ń ka ìwé ìròyìn, o mọ̀ pé ìwé lò ń kà. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó o gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n á jẹ́ kó o gbọ́ ẹkún ìyá kan, akọ̀ròyìn á máa mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń gun òkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọpọlọ ò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́ bóyá wọ́n sọ ọ́ fún un ni àbí ó wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ ti wọ aṣọ ìmọ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 2018, The New York Times yìí kan náà gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Caliphate. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kánádà ló pọ̀ jù nínú ìtàn náà. Ó ní òun lọ sí Síríà, òun dara pọ̀ mọ́ ISIS, òun sì fọwọ́ ara òun pa èèyàn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ara á máa bù ẹ́ ṣìn-ìn. Ètò náà gba ẹ̀bùn Peabody. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọlọ́pàá Kánádà fẹ̀sùn kan ọmọkùnrin náà pé irọ́ ló pa. Ní oṣù Kejìlá, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ètò náà ò kún ojú òṣùwọ̀n, wọ́n sì dá ẹ̀bùn padà. Lọ́dún 2021, òun náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun ò bá wọn lọ síbì kankan, wọ́n wá fa ẹ̀sùn yẹn sẹ́yìn.

Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ kì í ṣe irọ́ ọmọ yẹn. Ọmọdé ti ń purọ́ láti ayébáyé. Nínú ètò yẹn gan-an, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ láti fi yẹ ìtàn rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn ọjọ́ tó dá ò bára mu, síbẹ̀ ètò ń lọ. Iyèméjì tó yẹ kó dá wọn dúró, òun náà di adùn fún ìtàn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àtúnṣe dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ṣé gbogbo etí tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ló gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì? Rárá o.

Nígbà tí òyìnbó fa wáyà Redifúṣọ̀n wọ Èkó ní 1935, tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lára ògiri, àwọn bàbá wa wo nǹkan náà títí, wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ, kì í gba èsì. Orúkọ náà dà bí àwàdà, àmọ́ ẹ̀sùn ló wà nínú rẹ̀. Láwùjọ wa, ta ló ń sọ̀rọ̀ tí kò ní gba èsì? Ọba pàápàá, ìjòyè á dá a lóhùn.

Ẹ̀sùn yẹn sì di ọ̀rọ̀ ìlú lọ́dún 1953. Anthony Enahoro ti dábàá nílé aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ lọ́dún 1956, nǹkan dàrú, Gómìnà John Macpherson wá bọ́ sórí rédíò, ó dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kóun fèsì. Wọ́n ní kò sáyè. Nínú ìbínú yẹn ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti pinnu pé àwọn á ní ẹnu tàwọn, ìdí nìyẹn tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí rédíò tiwọn náà sì dìde. Inú wa ń dùn tí a bá ń sọ ìtàn yìí. Apá tí a kì í fẹ́ sọ ni pé, kò tó ọdún mẹ́wàá tí rédíò Ìbàdàn yìí kan náà ò gba èsì lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, nígbà rògbòdìyàn ìbò, ẹnìkan gbé ìbọn wọlé síbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ míì sí ipò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́. Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fẹ̀sùn náà kàn. Adájọ́ dá a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ wo ibi tí àìrí-èsì-fọ̀ lè gbé èèyàn dé.

Ẹ lè sọ pé ayé ti yàtọ̀, kálukú ló ní fóònù, kálukú ló lè fèsì. Àbí? Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dá ohùn inú etí yín lóhùn lọ́la, kẹ́ ẹ rí i bóyá á dúró.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn èèyàn. Epo bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ yẹn ń mu. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 190 di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti lé ní 600 nígbà tó di oṣù Keje. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Houston, ọmọ dáadáa, tó ń fowó ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, ti gbọ́ àlàyé kan tó wọ̀ ọ́ létí: ìrànwọ́ yẹn, àwọn olówó ló ń jẹ ẹ́, ìyà náà ò sì ní pẹ́. Ló bá pe àǹtí wa, ó ṣe gbogbo àlàyé náà fún wọn lórí fóònù, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá, ó máa lọ sílẹ̀, òun ló dáa fún orílẹ̀-èdè." Àǹtí gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣàlàyé fún ọ yẹn, ṣé ó bi ẹnikẹ́ni tó ń lọ ata?"

Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́ fún àǹtí ká sì lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n àwọn oníṣègùn yẹn, àǹtí mọ iye tí epo jẹ́, wọ́n mọ iye oníbàárà tó ti padà sídìí ọlọ. Kò sẹ́ni tó lè já wọn nírọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń kó owó ìrànwọ́ náà jẹ láti ọdún yìí wá, kí ló fà á tí ìjọba fi ń yáwó kiri, ìyẹn ò ṣeé rí láti ìdí ẹ̀rọ ata. Ojú ara ẹni ò lè dé ibẹ̀. Ẹnìkan ní láti lọ wádìí kó wá ṣàlàyé, àwa sì ní láti gbà á gbọ́, àǹtí náà pẹ̀lú. Ojú ń mọ ìyà, kì í fi gbogbo ìgbà mọ ẹni tó fi jẹni. Torí náà, mi ò gbà pé kí á yọ íápíìsì létí ká wá jókòó ti ohun tí ojú wa rí nìkan. Ìyẹn náà jẹ́ àìmọ̀kan mìíràn.

Ohun tí mo rí nínú ìpè yẹn ni pé àlàyé ọmọkùnrin yẹn bá èsì pàdé. Wọ́n jiyàn fún bí ìdajì wákàtí. Ó gbà pé òun ò mọ iye tí ìyà náà máa gùn tó, pé ẹnìkan ló sọ ọ́ fún òun. Àǹtí náà gbà pé àwọn olówó ti ń jẹ owó yẹn tipẹ́. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun. Owó oṣù yẹn sì tún lé díẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó sí. Ẹ̀tọ́ tí mo ní lórí ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ ni pé kí n gbé e lọ síbi tó ti lè gba èsì, kí n sì fi "mo gbọ́ pé" ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì ń tini lójú díẹ̀ nínú àpéjọ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ bí amòye. Àwọn tó ń ṣe ètò náà ní gbèsè tiwọn lọ́rùn, ó sì tóbi ju tiwa lọ, torí àwọn ló ń yan ọ̀rọ̀ kan nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ òòjọ́ tí gbogbo wa á jiyàn lé lórí lọ́sàn-án. Tí wọn ò bá yan Sudan, Sudan ò sí lẹ́nu wa nìyẹn.

Láti ọdún náà, àǹtí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lójoojúmọ́ ni, kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin: iye epo, iye ata, ẹni tó kú ládùúgbò, ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò àti ẹni tí wọ́n rò pé ó ń purọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ á ti máa pariwo lẹ́yìn wọn kí wọ́n tó parí, wọ́n á wá gbóhùn sókè: "Mo ti sọ tèmi. Ó yá, fèsì o."