Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ìlú Fi Ọ̀ranyàn Mú Ọ̀dọ́ Wọ Iṣẹ́ Ológun?

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé-jẹ. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe kìn-ín-ní gbèjà ẹnì kọ̀ọ̀kan, èkejì gbèjà àwùjọ. Ibi tí àwọn méjèèjì ti forí gbárí jù ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn, èyí tí í ṣe òfin tí ìjọba fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn ti tó sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá wù ni ó ń wọ iṣẹ́ ológun. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì pa. Ìwé òfin ilẹ̀ náà ti ọdún 1999, ní ìpín 34, lòdì sí ìfipámúniṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ka iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣòfin lé lórí mọ́ ọn. Láti ọdún 1973 ni ètò àgùnbánirọ̀ sì ti ń gba ọdún kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá jáde ní yunifásítì. Èrò pé ìlú lè gba àkókò ọ̀dọ́ kì í ṣe àjèjì mọ́. Ṣùgbọ́n àkókò yàtọ̀ sí ẹ̀mí, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ ní rírò kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ òfin yìí ní ẹjọ́ rere láti rò. Wọ́n ní ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń rìn, ọjà tí ìyá rẹ̀ ń ná àti ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ, ààbò ìlú ni ó mú gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe. Bí ọ̀tá bá dé ẹnu odi, tí oníkálukú sì ní kò wu òun láti jà, kò ní sí ilé tí ẹnikẹ́ni yóò jókòó sí láti máa jẹ adùn òmìnira rẹ̀. Wọ́n tún ní níbi tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó wù ni ó ń lọ, àìríjẹ ni ó sábà máa ń yan ọmọ ogun: ọmọ tálákà a gbé ìbọn, ọmọ olówó a gbé ìwé. Òfin tí ó bá kan gbogbo ènìyàn dà bí òjò tí kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Olórí tí ó mọ̀ pé ọmọ òun náà yóò lọ sójú ogun yóò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kéde ogun. Ní ilẹ̀ Switzerland, gbogbo ọmọ onílùú lọ́kùnrin tí ara rẹ̀ bá le ni òfin ń pè. Nígbà tí wọ́n sì bi àwọn aráàlú léèrè ní ọdún 2013 bóyá kí wọ́n fagi lé òfin náà, àwọn tí wọ́n ní kí ó dúró lé ní 70 nínú 100 àwọn tí wọ́n dìbò.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn alátakò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó orí tí a san, a lè ṣiṣẹ́ kí a rí òmíràn. Ẹ̀mí tí a fi san án, ó tán nìyẹn. Wọ́n ní ọdẹ mọ̀ pé ajá tí a fi okùn wọ́ wọ igbó kì í lé ẹran. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní nǹkan bí 10,000, ó di nǹkan bí 250,000, láìsí òfin ọ̀ranyàn kankan. Wọ́n sì ní ẹ̀rí-ọkàn wà. Ní ọdún 1967, Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò Amẹ́ríkà, kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun lásìkò ogun Vietnam nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Wọ́n gba oyè rẹ̀, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Ọdún 1971 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó dá a láre.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí ó wo ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kan ọmọ Yorùbá lára. Kétu àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, bọ́ sábẹ́ àkóso Faransé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1912, ìjọba Faransé ṣe òfin tí ó fún wọn láyè láti máa fi ọ̀ranyàn mú ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n ń bu iye ènìyàn lé àwọn olóyè lórí. Ta ni olóyè yóò fà kalẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọmọ tirẹ̀, bí kò ṣe ọmọ aláìní, ọmọ ẹrú, ọmọ ẹni tí kò ní alágbàwí.

Owó orí, iṣẹ́ ipá àti ìfipámúni wọ iṣẹ́ ológun pa pọ̀, wọ́n mú àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé láàrin 1914 sí 1916. Àwọn mìíràn ní Kétu àti agbègbè rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n kọjá ẹnu ààlà lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ, níbi tí òfin náà kò dé. Ní 1919, Faransé sọ ọ̀ranyàn ọdún mẹ́ta di òfin àkókò àlàáfíà pàápàá.

Ǹjẹ́ ojo ni àwọn tí wọ́n sá lọ? Rárá. Àwọn baba wọn ni wọ́n gbèjà odi Kétu títí ogun Dàhómì fi fọ́ ìlú náà ní 1886. Wọ́n mọ ohun tí ogun ń jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ẹni tí kò fún wọn ní àga ní ìgbìmọ̀ máa pín ikú fún wọn.

Ìlànà àtijọ́ fi òye yìí hàn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó sọ pé a ń retí kí gbogbo ọkùnrin tí ó lè gbé ohun ìjà lọ sógun, ṣùgbọ́n àwọn olóyè nìkan ni òfin fi ọ̀ranyàn dè, àfi bí ó bá jẹ́ ìgbèjà ìlú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ oyè ìlú ni ó kọ́kọ́ jẹ gbèsè ogun. Òtítọ́ ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun ńlá kó ọ̀pọ̀ ẹrú lọ sójú ogun láìbi wọ́n léèrè. Ìlànà náà dára. Àwọn ènìyàn ni kò pa á mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀ranyàn nìkan ni ó yẹ kí a gbé lé òṣùwọ̀n, bí kò ṣe ẹni tí ó ń pàṣẹ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń bọ́ lé. Bí ogun bá kan ìlú gbọ̀ngbọ̀n, tí ẹni tí a ń pè ní ohùn nínú ìjọba, tí ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀ jọ wà lórí ìlà kan náà, tí a sì wá iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kọ ìbọn, ìlú lè pe ọmọ rẹ̀ láìjẹ̀bi. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, ọ̀ranyàn di ìrẹ́jẹ. Amẹ́ríkà pàápàá rán ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ sí Vietnam nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún dìbò. Ọdún 1971 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Ìlú tí ó bá pe ọ̀dọ́ sójú ogun láìtíì pè é sí ìgbìmọ̀, ẹrú ni ó ń wá, kì í ṣe ọmọ ogun.