Ìkòkò Tí Yóò Jẹ Ata

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ife tiki, ife alámọ̀ tí a gbẹ́ ojú àwọn ère Polynesia sí lára, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ iná kí ọtí tó kan inú rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí àwọn ọdún 1960 ló gbòde ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn ilé ọtí tó tẹ̀lé ipasẹ̀ Don the Beachcomber ní Hollywood àti Trader Vic's ní Oakland. Ilé iṣẹ́ ní Japan ló ṣe púpọ̀ nínú wọn nígbà náà. Lọ́dọ̀ àwọn Māori, ọmọ Polynesia tó wà ní New Zealand, Tiki ni orúkọ ọkùnrin àkọ́kọ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ojú yìí mọ erékùṣù tó ti wá, kó sì fi ọ̀wọ̀ gbẹ́ ẹ.

Amọ̀ ni a fi ń mọ ère àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ tóbi ju ife tí a ń fẹ́ lọ, torí amọ̀ líle lè sún kì tó ìdá 12 nínú 100: ife tí a mọ láti ara ère tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 á di bíi 17 ààbọ̀. Lẹ́yìn náà a ó po ìwọ̀n omi 70 mọ́ ìwọ̀n POP 100, a ó dà á yí ère ká ní apá méjì tàbí mẹ́ta. Mọ́ọ̀dù nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, nítorí òùngbẹ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá da amọ̀ ṣíṣàn sínú rẹ̀, POP á fa omi mu, amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ. Nígbà tí awọ náà bá nípọn tó mìlímítà 5, a ó da ìyókù padà sínú garawa.

Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mọ́ọ̀dù tó ti rin kì í fa omi dáadáa mọ́, àfi kó tún gbẹ. Bí a sì ṣe ń lò ó tó ni eyín àti ìlà ojú ère ń kúnú sí i. Ìdí nìyí tí amọ̀kòkò tó mọ iṣẹ́ fi ń ṣe ife mélòó kan péré, tó ń kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn, tó sì ń pa mọ́ọ̀dù náà tì.

Ife tútù tí a yọ kúrò nínú mọ́ọ̀dù á gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá kó tó wọ iná àkọ́kọ́, tó tó bíi 1060°C. Iná yìí kò gbọdọ̀ yára: omi tó ṣẹ́ kù lára amọ̀ á di ooru, á sì fọ́ ife.

Gíléèsì ló kàn, ẹ̀tù òkúta tí a pò mọ́ omi, tí iná yóò yọ́ di dígí. Kí ojú ère lè hàn, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀tù irin pupa sí gbogbo ara ife, a ó wá fi fóòmù tútù nù ún: ibi tó yọ síta á mọ́, inú ìlà á ṣì dúdú. A ó da gíléèsì sínú ife, a ó yí i ká, a ó dà á jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó ri ara ìta bọ inú rẹ̀. A kì í fi gíléèsì sílẹ̀ ní ìdí, kí ife má bàa lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ààrò nínú iná kejì, tó ń lọ sí bíi 1220°C.

Inú ife ṣe pàtàkì ju ojú rẹ̀ lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú púpọ̀ lára ọtí tiki, bíi Mai Tai, kíkan rẹ̀ sì lè fa òjé jáde lára gíléèsì búburú. Gíléèsì tí kò ní òjé nìkan ló yẹ ká lò. Kí a tó tà á, kí a gé ọsàn wẹ́wẹ́ lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ife tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà kò gbọdọ̀ dé ẹnu ẹnikẹ́ni.